Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kì í Balẹ̀: Ìtàn Ìmọ̀ Ọpọlọ àti Àjogúnbá

Àwọn Yorùbá a máa wí pé bí ọmọ bá dára, ti baba ni. Bí kò bá dára, ti ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà bá àwọn tí iṣẹ́ ìjọba àti òwò gbé kúrò nílé lọ dé Bwari, ìlú àwọn Gbagyi ní agbègbè Olú-ìlú Nàìjíríà. Bwari yìí ni olú-iléeṣẹ́ JAMB wà, àjọ tí ń fi ìbéèrè 180 láàrin wákàtí 2 dán àwọn tí ń fẹ́ wọ yunifásítì wò. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ kì í dúró lójú kan, tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, ti gba orúkọ púpọ̀ kí ó tó dé ìdí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀: alágídí, olóríkunkun, ọ̀lẹ. Pàṣán ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ni àwọn ará ilé ń dá lẹ́bi. Láàrin irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ní ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní ADHD wà. Ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ̀ ọ́n gùn, ó sì gba inú igbó Yorùbá kọjá.

Ní 1902, dókítà kan ní London, George Still, sọ̀rọ̀ nípa ọmọ 43 tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe òpè. Àbùkù ìwà ni òun náà kà á sí. Ní 1937, ní Amẹ́ríkà, Charles Bradley fún àwọn ọmọ kan ní oògùn Benzedrine, ó sì rí i pé wọ́n fara balẹ̀, wọ́n kọjú sí ẹ̀kọ́ wọn. Ìyanu ni èyí, nítorí oògùn tí í ta ènìyàn jí ni. Kò sí ẹni tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ nígbà náà.

Ibi tí ìtumọ̀ ti kọ́kọ́ yọjú kò jìnnà sí ilé. Igi asofẹ́yẹjẹ kò ṣàjèjì sí àwọn babaláwo àti oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá. Gbòǹgbò rẹ̀ ni wọ́n fi ń rọ wèrè lójú. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1960. Igi kan wà ní Íńdíà tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Lára rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ èròjà reserpine ní 1952, èròjà tí ó wà lára asofẹ́yẹjẹ náà. Ní 1957, Arvid Carlsson ní Sweden fún ehoro ní reserpine. Ehoro rọ jọwọrọ. Ó tún fún un ní L-DOPA, èyí tí ara máa ń sọ di dópámíìnì, ehoro sì ta jí. Báyìí ni ó hàn pé dópámíìnì fúnra rẹ̀ jẹ́ ońṣẹ́ láàrin ọpọlọ. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ náà ní 2000.

Iléeṣẹ́ Ciba kan náà ni Leandro Panizzon ti ṣe oògùn mìíràn ní 1944, tí wọ́n fi orúkọ Rita, ìyàwó rẹ̀, pè ní Ritalin. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ó hàn pé oògùn yìí kì í jẹ́ kí ọpọlọ tètè gba dópámíìnì padà, tí ońṣẹ́ náà yóò fi pẹ́ díẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe pé dópámíìnì gbẹ tán lórí ọmọ aláìfarabalẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè pé ta ni ọmọ náà jọ. Ìbejì ni wọ́n fi wádìí rẹ̀. Ìbejì tí ẹyin kan pín sí méjì ní jíìnì kan náà. Àwọn tí ó ti inú ẹyin méjì wá kò jọra ju ọmọ ìyá lásán lọ. Bí irú àkọ́kọ́ bá jọra nínú àìfarabalẹ̀ ju irú kejì lọ, àjogúnbá ni yóò fà á, nítorí ilé kan náà ni gbogbo wọn ti dàgbà. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìwádìí 37 pọ̀ ní 2019, ó jẹ́ 74 nínú 100. Èyí kò túmọ̀ sí pé ìdá 74 ìwà ọmọ kan ni ó jogún. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn kan àti èkejì ni ó ń wọ̀n. Nígbà tí ó di 2023, ibi 27 ni wọ́n ti tọ́ka sí láàrin jíìnì ènìyàn, tí agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré. Ọ̀dọ̀ baba àti ìyá ni wọ́n ti ń wá. Òwe àtijọ́ ṣi ọ̀rọ̀ náà pín.

Ohun tí ó jọni lójú ni pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìwádìí jíìnì wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Yorùbá ni ìbejì pọ̀ sí jù. Nylander ti Ìbàdàn kà á ní Igbó-Ọrà, ó lé ní 40 nínú oyún 1,000. Ìgbà tí Yoon-Mi Hur, obìnrin onímọ̀ láti Kòríà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó orúkọ àwọn ìbejì Nàìjíríà jọ ni ọ̀rọ̀ yí padà díẹ̀. Ìwé wọn jáde ní 2013, láti ilé-ìwé ní Èkó àti ní agbègbè Olú-ìlú tí Bwari wà ni wọ́n sì ti rí wọn. Ṣáájú ìyẹn, ní 2007, Adewuya àti Famuyiwa ti tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà: nǹkan bí 9 nínú 100 ni ó ní ADHD. Olùkọ́ tí ó bá ní ọmọ 50 ní kíláàsì lè ní irú wọn 4 níwájú rẹ̀.