Èrè Orí Sìmẹ́ńtì: Ohun Tí Ọdún Tó Kọjá Kọ́ Wa Nípa Ṣíà

  Nínú ìwé ọdún yìí, a fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bèèrè nípàdé: bí èèyàn bá fowó ra ṣíà iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìmẹ́ńtì, ṣé èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí ọ̀rọ̀ àwọn alákọ̀wé lásán ni?

Kò sí ẹni tí kò mọ sìmẹ́ńtì nínú wa. Àwọn kan ń tà á. Àwọn tí kò tà á ti rà á rí, torí ta ni kò fẹ́ kọ́lé, bó ti wù kó kéré mọ? Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí báàgì kan kọjá 10,000 náírà láwọn ibì kan, tí ìjọba àti àwọn iléeṣẹ́ jókòó, tí wọ́n fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000, gbogbo wa la pariwo. Àfi ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó dìde nípàdé tó ní, "Àwa tí à ń rà á là ń pariwo. Àwọn tó ni iléeṣẹ́ ńkọ́? Ṣé a ò lè wà lára wọn ni?" Ìbéèrè yẹn ló bí ohun tí ẹ ń kà yìí.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, Ewékorò ni a ti kọ́kọ́ mọ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ńlá. Ọdún 1959 ni wọ́n dá WAPCO sílẹ̀, ọdún 1960 sì ni iléeṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti Ṣágámù tẹ̀lé e ní 1978. Àwọn àgbà wa ṣì ń pè é ní sìmẹ́ńtì elérin, torí àwòrán tó wà lára báàgì rẹ̀. Òfin ìjọba ọdún 1972 àti 1977 ti ní kí àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó ta lára ìpín wọn fún ọmọ Nàìjíríà, nígbà tó sì di 1979, ṣíà WAPCO ti wà lọ́jà fún ẹni tó bá lówó lọ́wọ́. Ní 2014 ló di Lafarge Africa.

Dangote Cement ní tirẹ̀ wọ ọjà ṣíà ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, lẹ́yìn tó dàpọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti Benue. Náírà 135 ni ṣíà kan lọ́jọ́ tó wọlé. Ó ní iléeṣẹ́ ní Obajana ní ìpínlẹ̀ Kogi àti ní Gboko, nígbà tó sì di 2012 wọ́n ṣí ti Ibese nílẹ̀ Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn.

ÈRÈ TÍ WỌ́N TI PÍN

Ẹ jẹ́ ká mú Dangote ṣe àpẹẹrẹ, torí ó ń pín èrè lọ́dọọdún. Lórí ṣíà kan, ó san náírà 3 fún ọdún 2012, 7 fún 2013, 6 fún 2014, 8 fún 2015, 8.50 fún 2016, àti 10.50 fún 2017. Fún 2018, 2019 àti 2020, náírà 16 ni lọ́dọọdún. Ó di 20 fún 2021 àti 2022, ó sì di 30 fún 2023 àti 2024. Ẹ rántí pé èrè ọdún kan, ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń san án, lẹ́yìn tí ìpàdé gbogbogbòò bá ti fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá wo èyí á ní, "Háà, èrè ń gòkè!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà kì í wo èrè láìwo owó tó fi ra ọjà. Ní ìparí 2019, náírà 142 ni ṣíà kan. Èrè 16 lórí 142 jẹ́ bíi náírà 11 lé kọ́bọ̀ 27 lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Ní ìparí 2024, ṣíà kan ti di 478.80. Èrè 30 lórí ìyẹn kò ju náírà 6 lé kọ́bọ̀ 27 lórí ọgọ́rùn-ún. Èrè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ìdá tó kan ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á dín kù, torí iye ṣíà sáré ju èrè lọ. Bíi ẹ̀rọ ata ló rí. Ìyá kan ra tirẹ̀ nígbà tó ṣì pọ́ọ́kú, èkejì ra tirẹ̀ nígbà tó ti gbówó lérí. Iye kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n ti ẹni àkọ́kọ́ ló tètè pa owó rẹ̀ padà.

Ká ní ìyá kan ra ẹgbẹ̀rún kan ṣíà ní ìparí 2019. Yàtọ̀ sí owó alágbàtà, 142,000 náírà ló ná. Láti 2020 dé 2025, èrè tó tọ́ sí i jẹ́ 132,000. Ìjọba a máa yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó orí, nítorí náà 118,800 ló dé ọwọ́ rẹ̀, ṣíà rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀.

ṢÙGBỌ́N Ẹ FETÍ SÍLẸ̀ O

Àkọ́kọ́, ọjà tó wọ́n ń jẹ èrè. Ní oṣù kejìlá 2024, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣírò nǹkan sọ pé owó ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Èrè náírà 6 lórí ọgọ́rùn-ún nìkan ò lè bá ìyẹn sáré.

Èkejì, èrè kì í ṣe owó oṣù. Lafarge Africa san 3.60 fún 2014, ó já sí 1.05 fún 2016, iléeṣẹ́ náà sì pàdánù ní 2017 àti 2018. Dangote pàápàá sọ̀kalẹ̀ láti 7 sí 6 nígbà kan.

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ṣíà Nàìjíríà kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ó ti wà nísàlẹ̀ 20,000. Àwọn kan nínú wa ti fi ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ra ṣíà nígbà náà. A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan ta ìsọ̀ rẹ̀ kó tó san gbèsè náà tán, àwọn onídùúró rẹ̀ sì bá a jẹ níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹnu kò pé ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ra ṣíà láéláé. Owó tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn oúnjẹ, owó ilé ìwé àti owó ọjà ni kí èèyàn fi rà á.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ìwé. Nígbà tí ìyá wa kan kú, inú àpótí aṣọ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti bá ìwé èrè ṣíà ọ̀pọ̀ ọdún tí kò gbà rí. Òfin ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ti 2020 sọ pé èrè tí ẹnikẹ́ni kò gbà fún ọdún 6, inú àpò ìjọba ni yóò lọ, títí olówó yóò fi wá bèèrè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí èrè yín máa wọ báǹkì tààrà, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò jogún yín, ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ. Ohun tí ọmọ ò mọ̀, kò lè bèèrè.

Ní ti ìbéèrè ìyá yẹn, ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ ni, a lè wà lára àwọn tó ni iléeṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹ má pa àjẹṣẹ́kù tì nítorí ṣíà, ẹ má sì fojú pa ṣíà rẹ́ nítorí àjẹṣẹ́kù. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.