Ta Ní Ń Pàṣẹ fún Fáànù? Ìtàn Ọ̀rọ̀ Kan láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn àti ẹ̀ka-èdè ni mo sábà máa ń bá yín sọ, ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀rọ̀ kan láti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni mo fẹ́ gùn bí àtẹ̀gùn wọ inú ìtàn. Ọ̀rọ̀ náà ni *dàrẹ́ẹ̀tì*.

Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ àtijọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ rìwáyà ní Ìkàrẹ́, tí ẹ ní ó ń gbóná lórí òkè, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, fáànù yín yìí, ṣé ó ń dá yí ni, àbí wọ́n ti dàrẹ́ẹ̀tì ẹ̀?" Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni àwọn rìwáyà yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí í ṣe àpèjúwe wáyà tí ó lọ tààrà. Ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ó ti di ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń gba àbọ̀. Láti dàrẹ́ẹ̀tì fáànù ni láti so ó mọ́ iná kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tààrà, kí ó máa yí níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ti wà ní títàn, yálà omi gbóná tàbí kò gbóná. Ẹ sì mọ bí èdè ṣe pọ̀ tó ní Àkókó. Ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan lè máa sọ Arigidi nílé, èkejì Akpes, ẹ̀kẹta ẹ̀ka-èdè Ọ̀kà. Bí wọ́n bá dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, *dàrẹ́ẹ̀tì* kan náà ni gbogbo wọn ń sọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n lọ sí ilé-ìwé gíga a máa fi iṣẹ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ aláìmọ̀kan ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn fáànù ọkọ̀ yóò rí i pé ìdáhùn sí ìbéèrè àtijọ́ kan ni dàrẹ́ẹ̀tì: ta ni yóò máa pàṣẹ fún fáànù, kí ni yóò sì ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí aláṣẹ náà bá kú?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òkè ń ṣe fún ọkọ̀. Omi ni ó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnì lọ sínú rẹdiétọ̀, afẹ́fẹ́ a sì gbà á níbẹ̀. Lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, tí ọkọ̀ ń sáré, atẹ́gùn tí ó ń gbá a níwájú ti tó. Bí fáànù tilẹ̀ dúró, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n orí òkè ni ìlú Ọ̀kà wà. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè ní jíà kìíní tàbí ìkejì, tí tírélà ẹlẹ́rù sì wà níwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnì ń ṣe làálàá, ọkọ̀ ń rá, atẹ́gùn kò sì sí. Òkè tí ó gba àwọn baba ńlá lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe ní ọ̀rúndún 19 náà ni ó ń se omi inú ọkọ̀ àwọn ọmọ wọn. Bí omi bá hó, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì a jó, irin orí ẹ́ńjìnì a wọ́, awakọ̀ tí ó ń fi ọkọ̀ náà jẹun a sì jókòó sílé.

Nígbà bọ́lẹ̀kájà, àwọn Bedford àti Austin onípákó wọ̀nyẹn, ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni aláṣẹ. Bẹ́líìtì ni ó so fáànù mọ́ ọn: bí ẹ́ńjìnì bá yí, fáànù yí. Lórí òkè, ètò yìí kò burú rárá, nítorí pé jíà kìíní a máa mú kí ẹ́ńjìnì sáré bí ọkọ̀ kò tilẹ̀ sáré. Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó ni inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, nígbà tí ẹ́ńjìnì bá rọra ń mí tí fáànù náà sì ń fà. Ní ọ̀nà tí ó tẹ́jú ẹ̀wẹ̀, fáànù a máa yí lásán, a máa pariwo, a sì máa jẹ epo. Ọkọ̀ ìjàpá, ìyẹn Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975, kò ní omi rárá, síbẹ̀ bẹ́líìtì náà ni ó ń yí fáànù tirẹ̀.

Peugeot ni ó gbé àṣẹ náà lọ sọ́wọ́ ooru. Nínú 404, àti lẹ́yìn náà nínú 504 tí ó jáde ní 1968, bẹ́líìtì ń yí púlì, ṣùgbọ́n fáànù kò lẹ̀ mọ́ púlì náà. Òòfà oníná kan wà láàrin wọn. Suwíìṣì kékeré kan wà lára ọkọ̀ tí ó ń tọ́ ooru omi wò. Bí omi bá gbóná tó ìwọ̀n kan, suwíìṣì náà a fi iná ránṣẹ́ sí òòfà láti inú kábọ́ọ̀nù kan tí ó ń fara ra púlì, òòfà a sì fa fáànù mọ́ra. Bí omi bá tutù, a jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ PAN ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ fún wa, ó sì di ọkọ̀ ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba àti ọkọ̀ èrò láti ìlú dé ìlú. Awakọ̀ púpọ̀ ní Àkókó ló gun ẹ̀yìn rẹ̀ dàgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọgbọ́n yẹn ti ní àbùkù. Bí kábọ́ọ̀nù bá jẹ tán, tí wáyà bá já, tàbí tí suwíìṣì bá kú, iná kò ní dé ọ̀dọ̀ òòfà. Òòfà kò ní fà. Fáànù yóò dúró ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí baálé ilé bá kú, ilé rẹ̀ a di ahoro. Mẹkáníìkì wa mọ èyí láti inú ìrírí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n mú nọ́ọ̀tì dè fáànù mọ́ púlì pinpin, wọ́n sì dá 504 padà sí ètò bọ́lẹ̀kájà. Ọkọ̀ náà ń jẹ epo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó ń dé orí òkè. Ní èrò tèmi, ibẹ̀ ni dàrẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ tó di ti iná.

Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò SAP kalẹ̀ ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Tòkunbọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rà: orúkọ tí a ń sọ ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni a fi pe ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti lò. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnì wọn dábùú, bẹ́líìtì kò sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹdiétọ̀ mọ́. Mọ́tọ̀ kékeré oníná ni ó ń yí fáànù, rìléè ni ó sì ń fún un níná.

Níhìn-ín ni ohun tí ó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ìtàn yìí wà. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà náà, bí Corolla, wọ́n yí ètò Peugeot po. Suwíìṣì ooru wọn a máa wà ní pípadé nígbà tí omi bá tutù, a sì máa ṣí nígbà tí omi bá gbóná. Ṣíṣí yẹn ni ó ń mú fáànù yí. Nítorí náà, bí wáyà rẹ̀ bá já, ọkọ̀ yóò rò pé omi ti gbóná, fáànù yóò sì máa yí. Aláṣẹ kú, ilé kò dahoro. Rìwáyà tí kò ka ìwé kankan nípa rẹ̀ mọ ọ̀nà àbáyọ yìí dájú: a fa sókẹ́ẹ̀tì suwíìṣì náà yọ, a tẹ́tí sí fáànù, bí ó bá yí, a mọ̀ pé suwíìṣì ni ó ní àrùn, kì í ṣe mọ́tọ̀.

Dàrẹ́ẹ̀tì oníná ní ìyà tirẹ̀ o. Mọ́tọ̀ tí ó ń yí láti àárọ̀ di alẹ́ yóò jẹ kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tán kíákíá, yóò sì dákẹ́ ní ọjọ́ kan lórí òkè. Ìdí nìyí tí mo fi nífẹ̀ẹ́ sí aláṣẹ fáànù tí a lè tò fún ọkọ̀ àtijọ́ lónìí, bí a bá fi ẹ̀kọ́ Toyota yẹn tò ó.

Pákó kékeré kan wà lọ́jà tí wọ́n ń pè ní W1209, tí àwọn olùsìn adìẹ ń lò nínú ẹ̀rọ tí ń pa ẹyin. Iná bátìrì ọkọ̀ ni ó ń lò, ó ń fi ìwọ̀n ooru hàn, ó sì lè ka ooru dé 110°C. Wáyà gígùn kan tí ó ní orí irin kékeré ni ó fi ń tọ́ ooru wò. Rìléè tí ó wà lára rẹ̀ kéré jù fún fáànù tí ó lè fa iná 10 sí 20 amp; nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ó máa pàṣẹ fún rìléè ọkọ̀ gidi, ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún. Nọ́ńbà ẹsẹ̀ wọ̀nyí, 30, 85, 86, 87 àti 87a, láti inú ìlànà DIN 72552 ti àwọn ará Jámánì ni wọ́n ti wá. Bí iná bá wà láàrin 85 àti 86, ẹsẹ̀ 30 a kan 87. Bí iná kò bá sí, 87a ni ó máa ń kàn.

Ẹsẹ̀ 87a yìí ni kí ẹ so fáànù mọ́. Kí iná kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gba inú fíùsì wá sí 30. Ẹ ṣètò pákó náà sí ipò H, bí ẹni tí ó fẹ́ mú nǹkan gbóná, kí ó máa fún rìléè níná nígbà tí omi bá *tutù*. Bí omi bá gbóná, iná a já, 30 a padà sórí 87a, fáànù a yí. Bí pákó bá kú, tàbí tí wáyà iná rẹ̀ bá já, fáànù yóò yí bákan náà. Ẹ fi àlàfo sáàárín títàn àti kíkú: kí ó bẹ̀rẹ̀ ní 90, kí ó dákẹ́ ní 85, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ rìléè yóò máa pa kà-kà-kà bí ọ̀kàdà tí kò fẹ́ tan. Mo fi ìwọ̀n náà rẹlẹ̀ díẹ̀ nítorí pé ara irin tí omi ń gbà jáde lórí ẹ́ńjìnì ni a ó so orí wáyà náà mọ́, irin ìta a sì máa tutù díẹ̀ ju omi inú lọ. Inú ọkọ̀ ni kí pákó wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ tàmósítátì ọkọ̀ yín sọnù nítorí ooru. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn tò ó lè lo LM393 dípò pákó náà, pẹ̀lú táràńsísítọ̀ tí yóò máa fún rìléè níná àti dáyóòdù 1N4007 lórí rìléè. Ètò kan náà ni.

Ó ku suwíìṣì kan. Ohun tí ń tọ́ ooru wò kò mọ̀ ju ooru tí ó ti dé lọ, ṣùgbọ́n awakọ̀ mọ òkè tí ó ń bọ̀. Ẹni tí mo rí ètò yìí nínú ọkọ̀ rẹ̀, tí ó ń ná Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà, fi suwíìṣì kékeré kan já wáyà tí ó lọ sí 85, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè, yóò ti tẹ̀ ẹ́, fáànù yóò sì ti máa yí kí omi tó gbóná. Ó ti fi bírò kọ ọ̀rọ̀ kan sórí téèpù tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ suwíìṣì náà, láìfi àmì ohùn kan sí i: *dareti*.