Rendez-vous ní ilé ìwòsàn: kí ló dé tí a fi ń jókòó láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán?

Bí wọ́n bá ní rendez-vous, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú carnet: ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Wọn ò kọ agogo sí i. Gbogbo ẹni tí wọ́n kọ ọjọ́ Ẹtì fún á wá jí ní ìdájí, wọ́n á gun zémijàn, wọ́n á fẹ́ dé kí agogo 7 tó lù, kí nọ́ńbà wọn lè wà níwájú. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Agogo 6 ààbọ̀ la débẹ̀. Nígbà tí dókítà máa pè wá, ó ti lé ní agogo 12, kò sì lò ju ìṣẹ́jú 8 lọ pẹ̀lú wa.

Ohun tí a máa ń sọ ni pé èèyàn ti pọ̀ jù, dókítà ò sì tó. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe é lórí pátákó.

Dókítà kan bẹ̀rẹ̀ ní agogo 8, ó ń lo ìṣẹ́jú 10 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kó tó di agogo 12, á ti rí èèyàn 24. Bí àwọn 24 náà bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ní agogo 7, ẹni àkọ́kọ́ á dúró fún wákàtí 1, ẹni tó kẹ́yìn á dúró fún wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 50. Tí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú 175 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi wákàtí 3. Bẹ́ẹ̀ dókítà ò ṣe ọ̀lẹ o! Kò sinmi rárá, èèyàn náà ò sì ju agbára rẹ̀ lọ. Agogo kan ṣoṣo tí gbogbo wọn dé ló fa ìdúró yẹn.

Kí ló dé tí ilé ìwòsàn fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Wọn ò fẹ́ kí dókítà jókòó lásán. Àkókò dókítà lówó lórí, àkókò ìyá tó ti ọjà rẹ̀ pa nítorí àyẹ̀wò kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí ìjọba ibẹ̀ dá ètò ìlera tó wà fún gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní 1948, Norman Bailey àti J. D. Welch gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ní 1952, wọ́n kọ èrò wọn sínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn dókítà. Ìmọ̀ràn wọn kò le: ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kan máa ń lò lọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì fi iye yẹn la àárín agogo tí ẹ ń fún àwọn aláìsàn. Ẹni méjì ni kí ẹ pè ní agogo àkọ́kọ́, kí dókítà lè rí iṣẹ́ ṣe bí ọ̀kan bá pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan, ẹnì kan. Ní 1991, ìjọba ibẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹni tó ní rendez-vous má dúró ju ìṣẹ́jú 30 lọ kí wọ́n tó rí i.

Ẹnì kan lè ní ti òyìnbó nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sí Áfíríkà. Ní gúúsù Mòsáńbíìkì, wọ́n dán an wò fún àwọn aláboyún tó ń wá fún àyẹ̀wò. Ìwádìí tó jáde ní 2019 fi hàn pé ìdúró wọn dín ní nǹkan bíi 100 ìṣẹ́jú. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn aláboyún tó parí àyẹ̀wò mẹ́rin pọ̀ sí i. Ìdúró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira nìkan. Obìnrin tó lo ọjọ́ kan gbáko níbẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, bóyá ló máa padà.

Ní Lomé wa yìí, a ní CHU Sylvanus Olympio, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní CHU Tokoin, a sì ní CHU Campus. Láti oṣù kìíní 2024 ni AMU, ètò ìdójútòfò ìlera fún gbogbo ènìyàn, ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ti ń jókòó sílé nítorí owó á máa jáde wá díẹ̀díẹ̀. Bí a kò bá tún agogo ṣe, ìlà á gùn sí i.

Ìṣòro kan wà tí ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò mọ̀. Tásì tó ń ti Atakpamé bọ̀, ó lé ní kìlómítà 150, kì í gbéra àfi tó bá kún. Báwo lẹ ṣe máa fún ẹni yẹn ní agogo 8? Èrò tèmi ni pé kí àwọn ará Bè àti Nyékonakpoè gba òwúrọ̀, kí ẹni tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ gba agogo 11. Ìwé onílà kan ti tó fún iṣẹ́ yìí, kò dìgbà tí a bá ní kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ láàárín fún ẹni tó bá dé láìròtẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì wá carnet jáde láti ọjọ́ tó ṣáájú. Dókítà náà gbọ́dọ̀ tètè dé o. Bó bá fi wákàtí 1 pẹ́, àwọn 24 yẹn ti pàdánù wákàtí 24 láàárín ara wọn.

Nígbà mìíràn, ó yẹ ká béèrè bóyá a nílò láti wá rárá. Láti 2016 ni OMS ti gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí ẹni tó ní kòkòrò VIH, tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ pẹ̀lú oògùn, máa wá lẹ́ẹ̀kan láàárín oṣù 3 sí 6. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò gòkè mọ́ lè bi dókítà rẹ̀ bóyá òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí àìsàn bá le lójijì, ẹ má dúró de rendez-vous kankan, urgences ni kí ẹ gbà lọ.

Nígbà tí wọ́n bá kọ ọjọ́ fún yín, ẹ béèrè: à quelle heure? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú carnet. Bí ẹ kò bá ní lè lọ, ẹ pè wọ́n ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n lè fi àyè yẹn fún ẹlòmíì. Ẹ kọ nọ́ńbà wọn sí ẹ̀yìn carnet náà, torí fóònù máa ń sọnù.