Awọ Ẹlẹ́dẹ̀ Lẹ́nu Ìwọ̀: Ìdí tí Ìdẹ Kan fi Parẹ́ ní Amẹ́ríkà

Nínú ìtàn ẹja pípa ní Amẹ́ríkà, ó rọrùn láti sọ pé rọ́bà ni ó lé awọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lẹ́nu ìwọ̀. Ọjọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ kò ti àlàyé yìí lẹ́yìn. Ní 1949 ni Nick Creme, ará Akron ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe ekòló rọ́bà tirẹ̀. Ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ Uncle Josh, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nídìí ìdẹ awọ, ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé òun kò ní ṣe é mọ́. Fún ọdún 66, awọ àti rọ́bà jọ wà lọ́jà. Inú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ni ó yẹ kí a ti wá ohun tí ó pa ìdẹ yìí.

Iṣẹ́ ilé ni ìdẹ náà. Apẹja a gba awọ ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ alápatà, a fi ọ̀bẹ ha ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò, a gé e tẹ́ẹ́rẹ́, a la ìdí rẹ̀ sí méjì bí ẹsẹ̀ àkèré, a sì kì í sínú ìgò omi iyọ̀ kí ó má baà jẹrà. Ẹni tí ó bá fẹ́ àwọ̀ mìíràn a pa á láró. Òǹkàwé tí ó mọ pọ̀nmọ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí bí awọ ṣe ń rọ̀ nínú omi láìjá. Ẹja lè gé e jẹ léraléra, kò ní tètè bọ́ bí ekòló. Àmọ́ bí apẹja bá gbàgbé rẹ̀ sínú oòrùn, a le bí igi.

Kí ọdún 1920 tó dé ni Al Foss ti ń ta irú rẹ̀ ní Ohio. Ní 1922, Alan Jones àti Urban Schreiner dá Uncle Josh sílẹ̀ ní Fort Atkinson, ìpínlẹ̀ Wisconsin. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n wá àkèré tí wọn yóò fi pẹja tì, ni wọ́n bá fi awọ ẹlẹ́dẹ̀ gbẹ́ ọ̀kan. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ó bo kókó mọ́lẹ̀: ìdílé Jones ń ṣòwò ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nílùú náà, awọ kò sì wọ́n wọn. Orí ẹlẹ́dẹ̀ tí àwọn mìíràn sìn fún ìdí mìíràn ni òwò náà dúró lé.

Nígbà náà, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ níye lórí bí ẹran rẹ̀. Wọ́n ń jẹ́ kí ó sanra, awọ rẹ̀ a sì nípọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òróró tí a fún lára èso àti ẹ̀wà sóyà gba ipò ọ̀rá náà ní ilé ìdáná. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹ̀yà tí kò lọ́ràá, tí wọ́n ń pa ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Rọ́bà a máa gan nínú omi tútù, awọ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà àwọn tí ń pẹja nígbà òtútù kò fi awọ sílẹ̀. Oníbàárà ṣì wà ní 2015. Àlàyé ilé-iṣẹ́ náà ni pé awọ tí ó ń dé ọwọ́ wọn kò dára tó mọ́, nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ kì í dàgbà kí wọ́n tó pa á. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ìdẹ náà fúnra rẹ̀ lónìí ní láti padà sí ọ̀bẹ àti ìgò iyọ̀, kí ó sì kọ́kọ́ wá ẹlẹ́dẹ̀ tí ó gbó.