65537: Mẹ́tàdín Tó Ń Ṣọ́ Owó Wa ní Ìdí-Àràbà

Tá a bá dúró nídìí POS lẹ́bàá LUTH ní Ìdí-Àràbà, ohun tá a máa ń gbọ́ jù ni, "Ṣé alẹ́ẹ̀tì ti wọlé?" Owó oògùn ni, owó oúnjẹ aláìsàn ni. Kí owó yẹn tó lọ, fóònù á kọ́kọ́ wádìí bóyá báńkì gan-an ló ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe gbájúẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, 65537 wà nínú ìwádìí yẹn.

Nọ́ńbà yìí kì í gba pínpín. Yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí èyí tó lè pín in tí nǹkan ò ní ṣẹ́kù. Irú ẹ̀ là ń pè ní práìmù.

Ìdílé rẹ̀ ò jìnnà sí wa. Apá kan ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ẹyọ mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé, ọ̀nà 16 nìyẹn. Apá méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ 256: ojú odù 16, àmúlù 240. Fi 1 kún 16, ó di 17, práìmù. Fi 1 kún 256, ó di 257, práìmù. Sọ 256 di ìlọ́po 256, kó o fi 1 kún un: 65537.

Ẹ kà wọ́n: mẹ́tàdínlógún, igba ó lé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ọ̀kẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínlógójì. Mẹ́tàdín ni gbogbo wọn, bí ọmọ ìyá.

Irú ìjọra báyìí ló tan Pierre de Fermat, ará Faransé, jẹ. Lọ́dún 1640, ó wo 3, 5, 17, 257 àti 65537, ó ní gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé wọn á jẹ́ práìmù. Kò ní ẹ̀rí. Èyí tó kàn ni 4294967297. Òun náà parí sí 7. Àmọ́ lọ́dún 1732, Leonhard Euler pín in: 641 lọ́nà 6700417. Títí dòní, kò tíì sẹ́ni tó rí práìmù mìíràn nínú ìdílé yẹn lẹ́yìn 65537.

Lọ́dún 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ṣe RSA ní Amẹ́ríkà. 65537 ló wá di ààyò nínú rẹ̀, torí ó rọrùn fún ẹ̀rọ: ìsọdipúpọ̀ 17 péré, iṣẹ́ parí. Kì í ṣe àṣírí, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Inú práìmù ńláńlá méjì mìíràn ni àṣírí wà.

Ṣé àwọn babaláwo ló wá ṣe RSA ni? Rárá o. Wọ́n mọ 256 dáadáa, ìyẹn sì tó iyì. Tí wọ́n bá wá fi ìtàn tó ju bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, ká rántí Fermat. Márùn-ún bá a mu, ẹ̀kẹfà já a. Ká pín in wò ná, ká tó fi ránṣẹ́.