Ìlú tí Mo Ń Kọjá Lára Rẹ̀: Ọjọ́ Méjì ní Kétu

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, orí ara mi ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí ẹni tí yóò bá ẹlòmíràn wí, kí ó kọ́kọ́ bá ara rẹ̀ wí.

Ní kíláàsì àwọn àgbà tí mo ń kọ́ ní Àjàṣẹ́, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó ní alẹ́ ọjọ́ kan: ìdènà. A kà á pọ̀. Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ ná ọwọ́ sókè, ó ní: "Tíṣà, wọ́n ní ọmọ Kétu ni yín. Mo gbọ́ pé ẹnubodè kan wà lọ́dọ̀ yín tí wọ́n ń pè ní Àkàbà Ìdènà. Ta ni ó kọ́ ọ? Ta ni wọ́n fi í dènà dè?"

Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní a óò sọ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn. Ẹ̀yin ará mi, "ọjọ́ mìíràn" ni ibi tí ẹni tí kò mọ̀ máa ń sá sí.

Kì í ṣe pé n kò mọ ẹnubodè náà o. Abúlé tí wọ́n bí mi sí kò jìnnà sí Kétu. Nígbà tí mo wà ní kékeré, a máa ń ru gbágùúdá àti àgbàdo lọ sí ọjà Kétu. Mo ti dúró ní òjìji ògiri Ìdènà lọ́pọ̀ ìgbà láti nu òógùn ojú. Bí mo bá dúró pẹ́, ìyá mi a pè mí pé: "Yá ẹsẹ̀, ọjà ń tú." Mo sì ń yá ẹsẹ̀. Lẹ́yìn èyí, mo lọ sí ilé ìwé gíga ní Pọbẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ orúkọ àwọn ọba Agbómẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí mo sì mọ̀ wọ́n lórí. Ẹnikẹ́ni kò bi èmi ọmọ Kétu ní orúkọ Alákétu méjì péré.

Nítorí náà, nígbà tí ọjọ́ Sátidé dé, mo wọ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́. A gba Sàkétẹ́ kọjá, a gba Pọbẹ̀ kọjá, mo sì sọ̀ ní Kétu. N kò lọ fún òkú, n kò lọ fún ìyàwó. Mo lọ wo ìlú tí mo ti ń wò láìrí láti kékeré.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni mo wọ̀ sí. Bàbá náà ti lé ní 80 ọdún. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún mi. Nígbà tí mo sọ ohun tí ó gbé mi wá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: "Ìwọ tí ò ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ìwé, o wá kọ́ tìrẹ. Ó dára. Mú ọ̀pá mi fún mi."

A fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìdènà. Ojú ọ̀nà ni bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Wọ́n ní láti Ifẹ̀ ni àwọn baba wa ti ṣí wá. Wọn kò dé Kétu lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dúró ní ibìkan, wọ́n tún ṣí, ọba ń kú, ọba ń jẹ, títí wọ́n fi dé ibi tí à ń pè ní Arò. Láti Arò ni ọba Ẹ̀dẹ́ ti kó wọn wá sí Kétu. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò ní iná. A gbọ́ pé ní Kpankú, lọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tí wọ́n bá ní agbègbè náà, ni wọ́n ti lọ tọrọ iná àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dáná ní ìlú. Bàbá dúró, wọ́n fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Iná tí a fi bẹ̀rẹ̀ ìlú yìí, ará ibòmíràn ni ó fún wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọ pé ìlú kan dá dúró."

Bí a ti dé Ìdènà, mo wò ó bí ẹni tí kò rí i rí. Ẹ̀yin tí ẹ kò tí ì dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ odi Kétu, wọ́n sì wa yàrà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Inú ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ ní yàrà náà ni amọ̀ odi ti wá. Iṣẹ́ kan ni ó bí èkejì: bí yàrà ti ń jìn, bẹ́ẹ̀ ni odi ń ga. Ọ̀tá tí ó bá fẹ́ gun odi ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrà, àwọn tí ó wà lókè a sì máa wò ó bí ẹni wo eku inú ihò. Ìtàn ìlú sọ pé ní ìgbà Alákétu Ṣà, ẹni tí wọ́n kà sí ọba kẹrìnlá, ni wọ́n ṣe odi àti ẹnubodè yìí.

Ẹnubodè náà kì í ṣe ihò kan ṣoṣo lára ògiri. Ẹnu ọ̀nà méjì ni: o wọ ti àkọ́kọ́, o bọ́ sí àárín, kí o tó kan èkejì. Ẹni tí ó bá fi ipá wọ ti àkọ́kọ́ ti kó sí àárín àwọn oníbodè. Ní ọjọ́ àlàáfíà, ibẹ̀ ni àlejò ti ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun tí ó bá wá. Láti 1853 ni Àlùfáà Ajayi Crowther ti wá kí Alákétu, tí ó sì rí odi náà nígbà tí ó ṣì le.

Mo wá bi bàbá ní ìtumọ̀ orúkọ ìlú. Wọ́n ní àwọn àgbà máa ń sọ ọ́ báyìí: kò sí ẹni tí ó lè tú iké abuké kí ó tọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò sí ẹni tí ó lè fọ́ ìlú náà. Láti inú ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ti fa orúkọ Kétu yọ.

Mo ní: "Ṣùgbọ́n bàbá, ṣebí ìlú náà fọ́?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní: "Ìlú fọ́. Ìdènà kò fọ́. Jókòó."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ogun Dàhòmì ti ń yọ Kétu lẹ́nu tipẹ́tipẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ní ilẹ̀ wa, wọ́n ń tà wọ́n sí òkè òkun, títí dé Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ kan nínú àwọn abọ̀rìṣà ibẹ̀ fi ń pe ara wọn ní orílẹ̀ Kétu títí di òní. Ní 1883, nígbà tí Glele jẹ ọba ní Agbómẹ̀, ogun Dàhòmì kọlu Kétu, Alákétu Òjèkú sì kú. Ní 1886, wọ́n tún padà wá, wọ́n sì dó ti ìlú. Oúnjẹ ń tán nínú odi. Ìtàn ìlú sọ pé kì í ṣe agbára ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n ní kí àwọn àgbà ìlú jáde wá kí a sọ̀rọ̀ àlàáfíà. Àwọn àgbà jáde, wọ́n sì mú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó ìlú, wọ́n sì fi iná sí i. Iná tí a tọrọ ní Kpankú kú ní ọjọ́ náà.

Wọ́n kó àwọn ènìyàn lọ sí ilẹ̀ Agbómẹ̀. Kétu di ahoro. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, àwọn Faransé àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jókòó, wọ́n pín ilẹ̀ wa: Mẹ́kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilẹ̀ Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ẹ wò ó: wọ́n ń fa ààlà sáàárín ọmọ ìyá, koríko sì ń hù ní ojúde Alákétu. Kò sí ẹni tí ó wà nílé tí ìbá bá wọn sọ̀rọ̀.

Ní 1892, ogun Faransé wọ Agbómẹ̀. Ní oṣù kìíní 1894, ọba Gbẹ̀hànzìn jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ní àkókò yìí ni àwọn ará Kétu tí ó kù láàyè bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ní 1894 náà ni wọ́n fi Onyegẹn jẹ Alákétu. Àwọn tí ó padà bá igbó nínú ilé wọn. Wọ́n ń wá ojú ilé láàárín igi, ẹni kan ń sọ pé níbí ni agbo ilé wa wà, ẹlòmíràn ń sọ pé tọ̀hún ni.

Mo rò pé ìtàn ti parí. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Wọ́n ní: "Ohun tí mo sọ fún ọ lánàá, ìtàn ọba ni. Èyí ni tiwa."

Wọ́n sọ fún mi pé ìyá tí ó bí ìyá ìyá mi, Agbómẹ̀ ni wọ́n bí i sí, nínú ìgbèkùn. Ní 1886 ni wọ́n kó ìyá rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ ìpadàbọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Kétu. Ẹnu rẹ̀ ni bàbá ti gbọ́ ọ nígbà tí bàbá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Mama náà sọ fún wọn pé aládùúgbò kan ní Agbómẹ̀, obìnrin Fọ̀n, ni ó ń fún ìyá òun ní àgbàdo ní ìkọ̀kọ̀, bí kò bá sí i ni, òun kì bá tí yè.

Mo bi bàbá pé: "Èé ṣe tí ẹnikẹ́ni kò sọ èyí fún mi rí?"

Wọ́n ní: "Ìtìjú ni. Nígbà náà, bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọdé, wọ́n a ní 'ọmọ ẹrú Agbómẹ̀'. Àwọn ìyá wa wá pa ẹnu mọ́. Ìyá rẹ náà kò fẹ́ kí o dúró pẹ́ ní Ìdènà, kí o má baà béèrè."

Ẹ̀yin ará mi, ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí "yá ẹsẹ̀" túmọ̀ sí.

Mo mú ìwé àti bíìkì jáde. Bàbá ń ka orúkọ, mo ń kọ: orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ ní agbo ilé wa, àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀, àwọn tí ó padà, àwọn tí kò padà. Orúkọ 17 ni. Bàbá kò mọ̀wé, wọ́n ní kí n kà á padà sétí àwọn. Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi dúró tí wọ́n tún ohùn orúkọ ṣe, nítorí mo fi àmì sí ibi tí kò yẹ, orúkọ náà sì di ti ẹlòmíràn. Èmi tí mo ń fi àmì ohùn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára! Nígbà tí mo kà á tán tí ó tọ́, bàbá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ọwọ́ pa á lójú, wọ́n ní: "Orúkọ ìyá mi dà níbẹ̀?" Mo fi hàn wọ́n. Wọ́n wò ó pẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: "Ó ku èmi nìkan ní agbo ilé yìí tí ó mọ̀ wọ́n. Ní báyìí, ó di àwa méjì."

Ní ìrọ̀lẹ́, mo gun zémìjàn lọ sí ibùdókọ̀. Mo ní kí ọmọkùnrin náà gba Ìdènà kọjá. Ó ní ọ̀nà yẹn jìn díẹ̀. Mo ní kí ó máa lọ, n kò kánjú.

Nígbà tí mo padà dé kíláàsì, mo kọ ìdènà sójú pátákó lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì dá ìyá ẹlẹ́kọ lóhùn. Lẹ́yìn tí mo parí, ó ní: "Tíṣà, èmi náà ní ìyá àgbà kan ní Sàkétẹ́." Mo ní kí ó tètè lọ, kí ó mú ìwé rẹ̀ dání.

Ìdí tí a fi ń kọ́ ìwé nìyí. Kì í ṣe nítorí kí a lè ka ìwé owó orí àti ìwé òwú nìkan. Ọ̀tá kò rí Ìdènà wó, ṣùgbọ́n ìgbàgbé àti ìtìjú lè wọ inú ilé láìkan ẹnubodè. Odi tí a lè mọ sí wọn ni ìwé tí a fi ọwọ́ ara wa kọ. Ẹ má sì ṣe kọ ọ́ láti fi dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ Fọ̀n tí ó jẹ́ aládùúgbò yín lónìí. Bí ẹ bá kọ ti ogun, ẹ kọ ti obìnrin tí ó fúnni ní àgbàdo pẹ̀lú.

Àwọn ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́:

1. Ìlú wo ni ó súnmọ́ abúlé yín jùlọ? Kí ni ẹ mọ̀ nípa ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó?

2. Kí ni ó mú kí odi àti yàrà Kétu ṣòro fún ọ̀tá láti gùn?

3. Ta ni ó dàgbà jù ní agbo ilé yín? Ẹ kọ orúkọ márùn-ún tí ó bá sọ fún yín, kí ẹ sì kà á padà sétí rẹ̀ kí ó tún un ṣe.

Ó dìgbà kan ná.