Bí Eré, Bí Eré

Bí eré, bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Aṣọ téèyàn kàn jù sí èjìká nítorí òtútù àárọ̀, kò bọ́ ọ mọ́, ó sì di ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ládùúgbò. Ohun tí mi ò bi ara mi rí ni ìdí tó fi jẹ́ eré ni àwọn àgbà mú. Wọn ì bá ti ní "díẹ̀díẹ̀", wọn ì bá ti ní "nígbà tó yá". Eré ni wọ́n mú, àfi bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tó ń wọni lára láìkanlẹ̀kùn bíi rẹ̀.

Àlàbọrùn tèmi ni ẹ̀rọ PlayStation tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nílé mi n'Íbàdàn nígbà tí ìsinmi parí. Ìyá rẹ̀ ló ní kó má gbé e padà, kó lè ráyè kàwé. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, eruku orí rẹ̀ nìkan ni mò ń nù. Lójú mi nígbà náà, gẹ́émù kò ju Winning Eleven tí àwọn ọmọkùnrin ń gbá ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ àdúgbò wa lọ, tí ẹni tí wọ́n bá nà á dìde fún ẹlòmíì, tí ariwo wọn kì í jẹ́ ká sùn. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé iléeṣẹ́ Konami, ní Japan, ló ṣe é. Lálẹ́ Sátidé kan tí iná wà, mo tan ẹ̀rọ náà. Eré tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ́ Shadow of the Colossus. Fumito Ueda àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Japan ló kọ́kọ́ gbé e jáde lọ́dún 2005.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gun ẹṣin wọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ka èèwọ̀ lé lórí. Òkú ọmọbìnrin kan ló gbé síwájú. Ohùn kan nínú tẹ́ńpìlì sọ fún un pé bó bá pa òmìrán 16, ó ṣeé ṣe kí ọmọbìnrin náà jí. Mo múra ìjà. Mo gun ẹṣin jáde, mo lọ, lọ, lọ. N kò pàdé ọ̀tá kankan. Kò sí ìlú, kò sí ọjà, kò sẹ́ni tó kí mi. Koríko ni, àpáta, adágún omi, alángbá. Bí mo bá na idà sí oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á ṣù jọ sí ìhà tí òmìrán wà, màá tún forí lé ọ̀nà. Ẹṣin náà, Agro lorúkọ rẹ̀, kì í jẹ́ ìpè lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá ní kó yà sọ́tùn-ún, àfi bíi pé ó kọ́kọ́ ń rò ó. Mo rò pé nǹkan ti bà jẹ́ lára ẹ̀rọ, ni mo bá pe ọmọ náà lórí fóònù.

"Àǹtí, bó ṣe rí nìyẹn," ló sọ. "Ẹṣin ni, kì í ṣe ọkọ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí ló sìn mí dé ìdí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn ará Japan ń sọ: asobi. Asobi ni eré. Asobu ni ká ṣeré. Ṣùgbọ́n ní Japan, àyè kékeré tí ọwọ́ ọkọ̀ máa ń yí kí táyà tó dá a lóhùn, asobi náà ni wọ́n ń pè é. Ìwọ̀n tí bíréèkì máa ń rì lábẹ́ ẹsẹ̀ kó tó mú, asobi ni. Ọkọ̀ tí kò ní asobi kò ṣeé wà. Kí awakọ̀ sín lásán, ọkọ̀ ti wọ kòtò. Àyè yìí ni mo bá pàdé láàárín ọwọ́ mi àti ìjánu Agro, òun náà ni mo bá pàdé nínú ilẹ̀ ṣíṣófo tó wà láàárín òmìrán kan àti èkejì. Ueda ti ṣàlàyé pé yíyọ ni ọ̀nà tòun: ohun tí kò bá ti ọkàn iṣẹ́ náà lẹ́yìn, yíyọ ni. Ẹlòmíì ì bá ti kó ọ̀tá wẹ́wẹ́ kún ilẹ̀ yẹn kí ọwọ́ ẹni má bàa dilẹ̀. Ueda fi àyè sílẹ̀, nínú àyè yẹn ni mo ti ń ronú nípa ẹni tí mò ń lọ pa. Àwa náà kúkú mọ àyè yìí. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá dí, a ó ní kò ráyè. Rí àyè. Ẹni tí kò rí i, kí ni yóò fi ṣeré?

Ó wá di dandan kí n padà sọ́dọ̀ eré tiwa. Ṣe eré, ṣeré. Sá eré, sáré. Àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè máa ń pín in sí méjì, eré tí à ń ṣe lọ́tọ̀, eré tí à ń sá lọ́tọ̀, ó sì lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Ẹnu wa kò pín wọn. Ohùn kan náà ni, àmì orí kan náà ni. Ọmọ tó ń sáré yí àgbàlá po, bí a bá bi í pé kí ló ń ṣe, eré ló ń ṣe. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ asobi. Àmì tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà ni, èyí tó tẹ́ sí abẹ́ ìyókù bí ẹní lára àmì náà, àmì ìrìn ni, àmì ọ̀nà. Àmì asobi yìí kan náà ló wà nínú orúkọ ìwé àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó sọ ìtàn ìrìn àjò ọbọ sí ìwọ̀ oòrùn. Òun ló tún wà nínú ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Japan fi ń pe iṣẹ́ darandaran tó ń kó ẹran láti pápá dé pápá. Eré àti ọ̀nà jọ wà lójú kan.

Bí mo ṣe mọ èyí, alárìnjó ló sọ sí mi lọ́kàn. A-lá-rìn-jó: ó ń rìn, ó ń jó. Eégún aláré tó ń ti ìlú dé ìlú, tó ń para dà di ejò, di ọ̀nì, di òyìnbó, kí ni iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe aré tó wà lórúkọ rẹ̀? Láyé ìgbà tí Kyoto òde òní ṣì ń jẹ́ Heian, tí ọba wọn wà níbẹ̀, asobi ni wọ́n ń pe orin tí wọ́n ń fi ohun èlò kọ láàfin. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń sọ pé King Sunny Adé lọ ṣeré lóde ìnáwó, tí kò sì sẹ́ni tó ń rò pé ó lọ fi àkókò ṣòfò. Nígbà tí mo bá sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀ pé "eré nìkan lo mọ̀", etí kan péré ni mo fi gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara mi jáde.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa àwọn tó ń ṣe eré wọ̀nyí. Ibi tó dá mi dúró jù ni ìtàn Nintendo. Lọ́dún 1889, ní Kyoto, ni Fusajiro Yamauchi dá a sílẹ̀, káàdì ló sì ń ṣe, hanafuda. Hana ni òdòdó, fuda ni káàdì. Oṣù méjìlá ọdún ni wọ́n pín in sí, káàdì mẹ́rin fún oṣù kan, ewéko tàbí òdòdó oṣù náà lójú rẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹ wá bá mi ka ọmọ ayò. Ihò méjìlá, ọmọ mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. 48. Mi ò sọ pé ẹnì kan kọ́ ọ lára ẹnì kan o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo dìde lóru ọjọ́ náà, mo gbé ọpọ́n ayò tí bàbá mi fi sílẹ̀ wálẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ka ọmọ inú rẹ̀. Ó ku ọ̀kan kó pé. Ọ̀ta ni bàbá mi. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti ń na àwọn ọ̀pè ní ọ̀sán gangan, èmi náà wà lára àwọn ọ̀pè, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe.

Ọdún 1965 ni Gunpei Yokoi wọ Nintendo, iléeṣẹ́ káàdì yìí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń tẹ káàdì. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó ṣe ọwọ́ kan tó ń nà jáde, tó ń sún kì, ó ń fi ṣeré. Ọ̀gá iléeṣẹ́ rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó sọ ọ́ di ọjà. Ní 1966 ó jáde, ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Asobi tó wà láàárín wákàtí iṣẹ́ ló bí i. Yokoi yìí náà ló wá ṣáájú àwọn tó ṣe Game Boy lọ́dún 1989, ó sì ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń fi ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀: ká mú ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ti kareta, bí àwọn ará Japan ṣe ń sọ, ká gbé e gba ibi tí ẹnì kan ò gbé e gbà rí. Àwọn tó tú kareta sí èdè Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ewé tó ti rọ. Ó dùn mí. Igi tó gbẹ wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọnà tó ti dàgbà, tí kò ṣe àṣehàn mọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Yorùbá ní in: gbó. Iṣu gbó, ó ti tó wà. Aṣọ gbó, ó ti mọ ara ẹni tó ni ín. Ọmọ là ń ṣàdúrà fún pé kó gbó, kó tọ́. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tó bá gbó, a ti mọ àrùn rẹ̀, a ti mọ oògùn rẹ̀, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀. Ojú Game Boy kò ní àwọ̀ mèremère, àwọ̀ ewé ṣíṣú tó dúdú díẹ̀ tàbí tó mọ́ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bátìrì kékeré mẹ́rin ló ń lò, ó sì ń pẹ́. Game Gear ti iléeṣẹ́ Sega ní àwọ̀, mẹ́fà ló ń lò, wákàtí díẹ̀ ló sì fi ń jẹ ẹ́ tán. Game Boy àti àbúrò rẹ̀, Game Boy Color, tà ju mílíọ̀nù 118 lọ. Ẹni tó ti gbé níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọgbọ́n yẹn.

Ohun mìíràn tó mú mi sún mọ́ àwọn ará Japan ni etí wọn. Pac-Man, tí Toru Iwatani ṣe fún iléeṣẹ́ Namco ní 1980, inú paku paku lorúkọ rẹ̀ ti jáde. Bí ẹnu bá ń ṣí tó ń pa dé bó ti ń jẹun, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn, bí àwa ṣe ń sọ pé ẹnì kan ń jẹun wọ̀mùwọ̀mù. Pikachu, ẹ̀dá inú eré wọn kan, ńkọ́? Pika ni ti mànàmáná tó kọ mànà. Chu ni igbe eku. Àwa tá a gbọ́ ìró ẹ̀rọ onítáyà méjì tá a sì sọ ọ́ ní alùpùpù, a ó mọ̀ pé ìbátan wa ló ń sọ̀rọ̀.

Mo padà sórí ẹṣin mi. Nínú tẹ́ńpìlì tí ọmọbìnrin yẹn dùbúlẹ̀ sí, ère 16 ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún òmìrán kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá pa òmìrán kan, ère rẹ̀ á fọ́. Ère, eré. Bí ẹnì kan bá kọ wọ́n láìfi àmì sí i, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n. Nígbà tí òmìrán àkọ́kọ́ ṣubú, mo retí ìlù, mo retí ìhó ayọ̀. Orin tó dún dà bí orin ìsìnkú. Mo gbé ohun ọwọ́ mi sílẹ̀, mo lọ mu omi. Ìkẹtàlá ló wá tóbi jù. Ó ń fò lókè aṣálẹ̀, ó gùn bí òpópónà, kò sì bá mi jà rárá. Èmi ni mo lọ ká a mọ́ ojú òfuurufú rẹ̀.

Ère mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Ó ti lé lóṣù kan tí mi ò lọ bá àwọn tó ni wọ́n. Bí iná bá wà lálẹ́, màá tan ẹ̀rọ náà, màá gun Agro, a ó rọra máa lọ sí etí adágún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè lánàá. "Àǹtí, ṣé ẹ ti parí ẹ̀?"

"Rárá," ni mo wí. "Mò ń ṣeré ni."